Àgbà Tí Ó Padà Di Ọmọ Iṣẹ́

Láàrin àwa Yorùbá, ọjọ́ orí kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Bí ọkùnrin méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, kí wọ́n tó kí ara wọn tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti fojú wọn ẹnì kejì, ó sì ti mọ ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀ àti ẹni tí yóò máa gbọ́ ‘ẹ’ lẹ́nu èkejì. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá mi rò kan àṣà yìí. Bí obìnrin ẹni ọdún márùndínlógójì, tí ó ti bímọ, tí ó sì ti di ẹni àpọ́nlé lẹ́nu iṣẹ́ kan, bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, tí ó lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì láàrin àwọn ọmọ ogún ọdún, kí ni ó dà láàrin wọn? Ṣé ẹ̀gbọ́n ni, tàbí àbúrò? Ta ni yóò pàṣẹ, ta ni yóò sì gbọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbọ́ ìbéèrè yìí tán kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ìgbà ti lọ, wọ́n á ní ẹni tí oòrùn ti kan àtàrí rẹ̀ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọkọ́ tí yóò gbé lọ sóko. N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tiwọn, nítorí ìtàn ti dá wọn lóhùn.

Ẹ wo Kofoworola Abeni Pratt. Ìlú Èkó ni a bí i sí ní ọdún 1915. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti wù ú láti ìgbà èwe, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ kò fọwọ́ sí i, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ó ṣe olùkọ́ fún ọdún mélòó kan, ó sì lọ́kọ. Ọdún 1946 ni ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ó ti tó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni tí àwọn ọmọ ti ń dìde dúró kí nínú kíláàsì tẹ́lẹ̀ ni ó wá jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́. Ó tilẹ̀ bá aláìsàn kan pàdé tí ó kọ̀ kí ó fọwọ́ kan òun nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni. Ó fara dà á. Ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1950, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i lọ́hùn-ún, ó sì padà sílé ní 1954. Ní àwọn ọdún 1960, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di mátíróònù ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí UCH. Lẹ́yìn náà ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì fún ìjọba àpapọ̀, ó sì tún jẹ́ kọmíṣánnà ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ọdún 1970. Ó kú ní 1992.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ó lọ náà, Florence Nightingale ni ó dá a sílẹ̀ ní 1860. Òun pàápàá kò tètè bẹ̀rẹ̀. Ìdílé olówó ni a bí i sí ní 1820. Ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì takò ó gidigidi, nítorí pé ní ayé ìgbà náà, a kò ka ìtọ́jú aláìsàn sí iṣẹ́ ọmọ ènìyàn pàtàkì. Ọdún 1851 ni ó tó rí àyè lọ gba ẹ̀kọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta ní Kaiserswerth ní ilẹ̀ Jámánì. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà ni. Ẹni tí ó bá ní ìgbà ti lọ, kí ó lọ bá àwọn obìnrin méjì yìí jà.

Ọ̀rọ̀ ipò gan-an ni ó ṣòro. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mo bá obìnrin kan ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ràn ariwo. Ó ti kọ́ ọmọ ní ìwé fún ọdún méjìlá nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, tí òun sì sun ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ó ti rí iṣẹ́ tí ó gbà á lọ́kàn. Nígbà tí ó sọ fún wa nínú yàrá àwọn olùkọ́ pé òun ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbogbo ilé pa lọ́lọ́, ẹnì kan sì bi í bóyá owó oṣù ni kò tó o.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó bá pàdé ni ìdánwò. Ẹni tí yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ yege dáadáa nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Ìtàn, Yorùbá àti ẹ̀kọ́ Bíbélì ni obìnrin yìí mọ̀ jù nígbà tirẹ̀. Ó ní láti máa lọ sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní ìwé kẹrin. Ọmọ náà ni ó ń ṣàlàyé físíìsì fún un. Ó ní ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú ti àwọn méjèèjì débi pé wọn kò lè wo ara wọn. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń jìjà orí ìdáhùn.

Owó oṣù rẹ̀ dúró fún ọdún mẹ́ta tí ó fi kẹ́kọ̀ọ́. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn fi ìfẹ́ ọkàn tirẹ̀ di ẹrù ru ọkọ àti àwọn ọmọ? Ìdáhùn mi kò gùn. Ó bi wọ́n kí ó tó ṣe é, ó sì jẹ́ kí àkọ́bí rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, mọ̀ pé aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ti ọdún tí ó kọjá ni yóò wọ̀ wọ ọdún tuntun. Ẹni tí ó bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ará ilé rẹ̀ títí yóò fi di ohun tí kò ṣeé dá padà, olè jíjà ni mo ka ìyẹn sí, ohun yòówù kí iṣẹ́ náà ní nínú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan hàn yín. Bí dókítà bá ní kí lítà kan omi, èyí tí à ń pè ní dírípù, wọ inú iṣan aláìsàn láàrin wákàtí mẹ́jọ, tí ó sì jẹ́ pé ogún ẹ̀kán ni ó ń jẹ́ mílílítà kan, ẹ̀kán mélòó ni yóò máa kán ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan? Lítà kan jẹ́ 1,000 mílílítà, nítorí náà ẹ̀kán 20,000 ni. Wákàtí mẹ́jọ jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Ẹ pín in, ẹ ó rí nǹkan bí 42. Irú ìṣirò báyìí kò ṣàjèjì sí obìnrin tí mo ń sọ. Bí ọmọ kíláàsì rẹ̀ bá ṣì í, gègé pupa ni yóò fi kọ àmì sí i. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá ṣì í, tí omi náà sì yára jù, ó lè kún inú ẹ̀dọ̀fóró arúgbó tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, kí ó má lè mí mọ́. Ẹ̀kán omi kò sì mọ ẹni tí ó ti bí ọmọ mẹ́rin yàtọ̀ sí ẹni tí kò tíì lọ́kọ. Nínú wọ́ọ̀dù, ẹni tí ó bá mọ iye ẹ̀kán náà ni ó yẹ kí a gbọ́ tirẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ogún ọdún.

Àwọn kan yóò ní èyí lòdì sí àṣà wa. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo inú agbo ilé. Bí obìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó bá nínú ilé náà, ọkọ rẹ̀ ni ọmọ náà jẹ́. Kò gbọdọ̀ pè é ní orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Yóò wá orúkọ mìíràn fún un, bí Adúmáadán tàbí Ìbàdíàrán. Ìyàwó tí ó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, bí ẹni tí ó tẹ̀lé e tilẹ̀ jù ú lọ ní ọjọ́ orí. Láàrin àwọn babaláwo pẹ̀lú, ẹni tí ó tẹfá ṣáájú ni ẹ̀gbọ́n. Nítorí náà, àwọn baba wa mọ̀ pé àgbà pín sí oríṣi méjì, àgbà ọjọ́ orí àti àgbà ìwọlé, wọn kò sì jẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì run. Ìyàwó tí ó ń pe ọmọdé ní ọkọ náà ni yóò wẹ̀ fún un bí ó bá ti inú ẹrẹ̀ dé, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé kò mọ ipò rẹ̀.

Ǹjẹ́ ọjọ́ orí wá di asán lára ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó wọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì? Rárá o. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà náà wúlò níbẹ̀ ju ibi gbogbo lọ. Ẹni tí ó ti jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí àìsàn mọ̀ pé ọkùnrin tí ó ní ‘kò dùn mí’ lè máa parọ́ nítorí pé ọmọ rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Àwọn olùkọ́ a máa gbìyànjú láti fi irú nǹkan wọ̀nyí kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ọdún ni ó ń kọ́ ènìyàn jù.

Ohun tí ó ru ni lójú ni ìgbà tí àgbà méjì yìí bá kọlu ara wọn. Ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin náà ní ọdún kejì ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bàbá àgbà kan tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́ kọ̀ kí ọmọbìnrin kankan wẹ̀ fún òun. Sístà tí wọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, fi ìbínú jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo àwọn aláìsàn. Bàbá náà yí ojú sí ògiri. Ó wu akẹ́kọ̀ọ́ yìí láti bá ọmọ náà wí lójú ẹsẹ̀, bí yóò ti ṣe ní àdúgbò rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró títí wọ́n fi wọ yàrá àwọn nọ́ọ̀sì, ó ti ìlẹ̀kùn, ó ní, ‘Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín wẹ̀ fún bàbá yẹn. Ojú ń tì í ni.’ Sístà náà kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, ‘Ó dáa, Màmá, ẹ bá wa wẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì mọ bí a ti ń yí ẹni tí ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ.’ Wọ́n jọ lọ, ọmọ náà kọ́ ọ bí a ti ń ṣe é kí egungun má yẹ̀, òun sì bá bàbá náà sọ̀rọ̀ oko àti òjò títí wọ́n fi parí.

Àwọn tí mo sọ ìtàn yìí fún kò fi ohùn kan gbà á. Àwọn kan ní ojo ni, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi rò pé ó lo ọjọ́ orí rẹ̀ bí ó ti yẹ. Bí ó bá ti bá sístà wí ní gbangba, iyì tirẹ̀ ni ìbá fi gbà padà, bàbá náà kò sì ní tìtorí ìyẹn rí ẹni tí yóò wẹ̀ fún un. Ọgbọ́n ọdún rẹ̀ ti aláìsàn ni nígbà tí ó bá wà nínú aṣọ iṣẹ́ náà. Kò yẹ kí ó máa ná an sórí ara rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ní ìpín tiyín. Púpọ̀ nínú yín yóò bá irú ‘Màmá’ bẹ́ẹ̀ pàdé nínú kíláàsì, ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tàbí ibòmíràn, yóò sì rọrùn láti máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó ń pẹ́ kí ó tó rántí orúkọ àwọn egungun. Ẹ máa pè é ní ‘ẹ’, kí ẹ sì máa tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bí ó bá ṣì í. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan bi mí nígbà kan pé: bí ó bá jẹ́ pé oògùn ni sístà fẹ́ ṣì ńkọ́, tí kò sí àyè láti wọ yàrá kí a ti ìlẹ̀kùn? Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ ọ́ níbẹ̀ gan-an, lójú aláìsàn, kí ó di ọwọ́ sístà mú bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ó sì lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, ìbáà ṣe pé òun ni ó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.