Oúnjẹ Ọ̀kín Nílé Ẹni Tí Kì í Gbẹ̀mí

Ọ̀kín kì í ṣe ẹyẹ tí ọkà nìkan ń bọ́. Nínú igbó Íńdíà àti Sri Lanka, níbi tí ọ̀kín aláwọ̀ búlúù ti ṣẹ̀ wá, hóró koríko, èso, ewé tútù àti òdòdó wà nínú oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkán, èèrà, tata àti àkèékèé náà wà níbẹ̀. Aláǹgbá kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ejò kékeré. Bí ó bá rí tata, á na ọrùn, á fi ojú kan wò ó díẹ̀, á sì fi àgógó ṣá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí tata tó ronú àtifò, ó ti dé ọ̀fun.

Ara rẹ̀ ló ń béèrè irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Purotéènì ló ń di ìyẹ́, akọ ọ̀kín tó ti gbó sì ní ìyẹ́ ìdí gígùn tó ju 100 lọ, tí gbogbo rẹ̀ ń já bọ́ lọ́dọọdún lẹ́yìn àsìkò tí akọ ń gun abo, tí òmíràn sì gbọ́dọ̀ hù rọ́pò. Oúnjẹ tí àwọn olùsìn ń fún ọmọ ọ̀kín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin máa ń ní purotéènì tó tó ìdá 25 sí 30 nínú 100. Ti àgbàdo kò ju nǹkan bí 9 lọ. Ẹyẹ tí wọ́n ń fi àgbàdo nìkan bọ́ á sanra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹ́ rẹ̀ kò ní jọ ti ọ̀kín.

Ní Íńdíà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain kì í jẹ ẹran, wọn kì í sì í mọ̀ọ́mọ̀ pa kòkòrò. Àwọn mọ́ǹkì ẹ̀ka Digambara láàárín wọn kò ní aṣọ lọ́rùn. Lára ìwọ̀nba ohun tí wọ́n ń mú rìn ni ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ ọ̀kín dì, ìyẹ́ tó já bọ́ fúnra rẹ̀. Kí mọ́ǹkì tó jókòó, á fi gbá ilẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má baà jókòó lé èèrà. Bẹ́ẹ̀ ara èèrà àti ìkán wà lára ohun tí ọ̀kín jẹ kó tó hu ìyẹ́ tí wọ́n fi ń dá ẹ̀mí èèrà sí. Ǹjẹ́ ẹni tí òfin rẹ̀ kọ ìpànìyàn àti ìpakòkòrò lè sin ẹyẹ yìí kó sì bọ́ ọ yó?

Ẹ̀kọ́ Jain kò fi ọ̀nà àbùjá sílẹ̀. Ẹni tó pa nǹkan, ẹni tó ní kí wọ́n pa á, àti ẹni tó fọwọ́ sí pípa náà, gbogbo wọn ló pín nínú ẹ̀bi. Ẹni tó ra ìdin gbígbẹ fún ọ̀kín rẹ̀ ti wọ ipò kejì. Ní Delhi, nínú ọgbà tẹ́ḿpìlì Jain tó dojú kọ odi Red Fort, ilé ìwòsàn ẹyẹ kan wà tí àdàbà àti ayékòótọ́ ti ń gba ibùsùn. Àṣá náà ń rí ìtọ́jú gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sùn síbẹ̀, nítorí ẹran ni oúnjẹ rẹ̀. Ètò náà mọ́gbọ́n wá fún àdàbà àti fún àṣá. Ọ̀kín ló da ètò náà rú, nítorí ó ń jẹ oúnjẹ àwọn méjèèjì.

Àwọn kan lè sọ pé kí wọ́n kúkú sọ ọ̀kín di ajẹ̀fọ́. Ìtàn kan nínú ẹ̀sìn náà fúnra rẹ̀ ta ko èyí. Wọ́n ní Mahavira, olùkọ́ ńlá ẹ̀sìn Jain, ti wáyé rí gẹ́gẹ́ bíi kìnnìún, ó gbọ́ ìwàásù, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́, ó sì kọ ẹran títí ebi fi pa á kú. Kìnnìún náà ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó gba ẹran lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀jẹ́ tí olówó ẹyẹ jẹ́ nítorí ẹyẹ kì í ṣe ẹ̀jẹ́ ẹyẹ rárá, ebi lásán ni.

Síbẹ̀, ọ̀nà wà fún ẹni tí kò fẹ́ gbẹ̀mí. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ní purotéènì tó nǹkan bí ìdá 44 nínú 100. Èròjà methionine, tí ìyẹ́ nílò gan-an, kò pọ̀ tó nínú sóyà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ń ṣe é láìlo ẹran. Kí wọ́n fi àgbàdo, jéró àti ewé tútù kún un, kí òkúta wẹ́wẹ́ wà nílẹ̀ tí iwe yóò fi lọ hóró, kí abo tó ń yé sì rí ìkarahun lílọ̀ jẹ. Ọkà tó ti bu ni kí wọ́n sá fún. Ní 1960, ẹ̀pà tó bu láti Brazil pa tòlótòló tó lé ní 100,000 ní England, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú oúnjẹ náà.

Tata tó wà nínú ọgbà ló kù. Ẹni tó bá fín oògùn apakòkòrò sí koríko kí ọ̀kín má baà rí nǹkan pa ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ju èyí tí ẹyẹ náà ì bá jẹ. Ẹni tó bá sì há a mọ́ inú àgò tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì ti ni ẹ̀dá mìíràn lára, òfin kan náà sì kọ èyí pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn fún un láàárọ̀, tí kò sí adìẹ tí yóò kó aràn ràn án, ohun tó bá rí jẹ nínú koríko kò sí lọ́wọ́ olówó rẹ̀: kò pa á, kò rán an, kò sì fọwọ́ sí pípa náà, ìlera ẹyẹ ló tìtorí rẹ̀ ṣílẹ̀kùn.