Òrùlé Kọ́ Ni Ará Ilé

Púpọ̀ nínú wa ní àjò yìí ni ó ti fi ẹ̀rọ Google Earth wo òrùlé ilé baba wa. Ó dára, ṣùgbọ́n a ha lè pe èyí ní àbẹ̀wò bí? Àwòrán tí a ti yà sẹ́yìn ni. Kò lè sọ bóyá ìyá wa jẹun lónìí.

Saroo Brierley, ọmọ Índíà tí ó sọnù ní èwe, tí ó sì dàgbà ní Austrálíà, fi ẹ̀rọ yìí rí Khandwa, ìlú rẹ̀, ní 2011. Kò jókòó ti àwòrán. Ní 2012 ó lọ, ó sì rí ìyá rẹ̀.

Àwa tí a mọ ọ̀nà, kí ni àwáwí wa? Àjò kì í dùn kí onílé má relé.