Iná Kò Mọ Ààlà

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: bí ènìyàn bá ti iná bọ oko ara rẹ̀, iná náà ha mọ ààlà bí? Ní Ìgbòho níhìn-ín, ẹni tí yóò sun oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a kọ́kọ́ ro etí rẹ̀ yíká, a sì sọ fún àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà.

Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú kò mọ ààlà. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku wá bá wa. Nínú aṣálẹ̀ yìí kan náà, ní Reggane, ni àwọn Faransé ti yin bọ́ǹbù átọ́míìkì ní oṣù Èrèlé, ọdún 1960. Nígbà tí wọ́n yin ẹ̀kẹta, ìjọba Nàìjíríà lé aṣojú wọn lọ ní ọdún 1961.

Ní ọdún 1985, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ tí ó ju 30 lọ, tí ẹgbẹ́ SCOPE kó jọ, parí ìwádìí wọn. Ará Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, ará Rọ́ṣíà sì wà níbẹ̀, bí ìjọba wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀tá ara wọn. Wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé èéfín àwọn ìlú tí ń jó lè bo oòrùn, kí òtútù mú, kí òjò sì dínkù. Ebi sì lè pa ènìyàn ju bọ́ǹbù lọ, àní ní ilẹ̀ tí kò jagun. Àgbẹ̀ Ìgbòho tí kò mọ ìdí ìjà yóò máa retí òjò lásán.

Òtítọ́ ni pé ìmọ̀ nìkan kò lè pa iná. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti kìlọ̀ fún kò ní àwáwí mọ́.