ỌLỌ́RUN TI DÉ IBẸ̀ ṢÁÁJÚ RẸ

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 28:10–22



Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ìjọ wa mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ wá hàn mí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí NCE ni, iṣẹ́ tíṣà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jìnnà sí ilé púpọ̀. Ìyá rẹ̀ ti sunkún, ó ní kò ní í lọ. Ọmọ náà bi mí pé, “Màmá, ṣé kí n lọ?” N kò lè dáhùn kíá.

Ní 1980, wọ́n rán èmi náà láti Iléṣà lọ ṣe tíṣà ní abúlé kan lẹ́bàá Kìṣí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà ni gbogbo wa nígbà náà, kí wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Mo sunkún nínú mọ́tò títí a fi kọjá Ìgbẹ́tì. Bí mo bá la ẹnu ní kíláàsì, àwọn ọmọ á máa fi Ìjẹ̀ṣà mi rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé Ọlọ́run ìyá mi kù sí Iléṣà. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá Mùsùlùmí tí mo wọ̀ sí ilé rẹ̀ ti pọn omi kún ìkòkò fún mi. Ó ní, “Ọmọ ẹnìkan ni ìwọ náà.”

Ohun tí Jákọ́bù rí ní Bẹ́tẹ́lì nìyẹn. Ó fi ilé sílẹ̀, ó fi òkúta ṣe ìrọ̀rí, ó rò pé òun nìkan ni. Ìgbà tí ó jí ni ó tó mọ̀ pé Olúwa ti wà níbẹ̀ kí òun tó dé.

Ẹ tún wo ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tiwa. Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án 1842. William de Graft àti ìyàwó rẹ̀ bá a wá láti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Àwọn méjèèjì ló dúró ti iṣẹ́ náà ní Àgbádárìgì, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1843. Bí ìyá kan bá ti di ìyàwó náà mú nílé ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin tèmi ríṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, mo dí i lọ́wọ́. Mo pè é ní ìfẹ́; ẹ̀rù ni. Ọdún mẹ́ta ló fi jókòó sílé láìríṣẹ́. Èmi tí Ọlọ́run pàdé lẹ́bàá Kìṣí, mo ṣe bí ẹni pé kò lè pàdé ọmọ mi.

N kò ní kí a ti ọmọ sínú ewu o. Ọ̀nà òde òní kì í ṣe ọ̀nà 1980. Jákọ́bù pàápàá mẹ́nu kan oúnjẹ àti aṣọ nínú ẹ̀jẹ́ rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti béèrè: Níbo ni yóò máa gbé? Ṣé owó oṣù ń wọlé déédé? Báwo ni ọ̀nà ibẹ̀ ti rí? Ìjọ wo ni yóò gbà á? Bí ìdáhùn kò bá dára, kí ó dúró. Bí ó bá dára, tí ó ku omijé tiwa nìkan, ẹ jẹ́ kí a nu ojú, kí a bá ọmọ di ẹrù.

Mo ti sọ fún ọmọ náà pé èmi àti ìyá rẹ̀ yóò bá a lọ wo ibẹ̀ kí ó tó pinnu.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Olúwa, máa ṣáájú àwọn ọmọ wa lọ, gba ẹ̀rù lọ́kàn àwa ìyá wọn. Nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.