Ta Ni Ó Ni Ọgbẹ́?

Bí ọ̀bẹ bá gé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ aránbàtà lọ́wọ́, ọ̀gá a ní àmì iṣẹ́ ni. Ọ̀gá ni ó ni bàtà àti owó rẹ̀. Ta ni ó wá ni ọgbẹ́? Òfin owó gbà-má-bìínú ti ọdún 2010 ní Nàìjíríà ka ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá 1 nínú 100 owó oṣù tí ó ń san. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í sábà gbowó oṣù. Ìdá kan nínú òfo, òfo náà ni. Ibi tí ìṣirò parí sí ni ìwà ọmọlúàbí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ èrè, kí ó ṣí fèrèsé kí òórùn gọ́ọ̀mù tó pa ọmọ ọlọ́mọ lára.