ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: OÚNJẸ ỌMỌ RẸ ṢÌ WÀ LỌ́RÙN RẸ

Bíbélì kíkà: 1 Tímótì 5:8

Ẹ̀yin bàbá ni mo ń bá wí lónìí.

Kóòtù ti ní kí àwọn òbí ìyá ọmọ rẹ jẹ́ alágbàtọ́ rẹ̀. Ìwọ wá ń sọ pé, "Àwọn náà ló gbọmọ, kí wọ́n máa bọ́ ọ." Arákùnrin mi, wọn ò gba jíjẹ́ bàbá lọ́wọ́ rẹ o. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní Nàìjíríà fún ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí agbára bá ṣe mọ, òbí ló sì kọ́kọ́ dárúkọ kó tó kan alágbàtọ́. Pọ́ọ̀lù tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí kò bá pèsè fún ará ilé rẹ̀, ó kà á sí ẹni tó ti sẹ́ ìgbàgbọ́.

"Wọn ò jẹ́ kí n rí ọmọ náà ńkọ́?" Ó dùn, mo mọ̀. Gbé ìyẹn lọ bá adájọ́. Má fi ebi ọmọ gbẹ̀san lára àna rẹ. Ọmọ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ò ń san ìdámẹ́wàá déédéé (ó dáa o!), owó iléèwé ọmọ rẹ dà?

Bó jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún lo ní, fi ránṣẹ́ kí o tó jáde láàárọ̀ yìí.

Àdúrà: Olúwa, rántí àwọn ìyá àgbà tó ń fi èrè àkàrà tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àmín.