Ta Ni Ń Tún Ewé Ṣe?

Bí a bá yọ iṣẹ́ ẹ̀dá kan kúrò lára rẹ̀, tí iṣẹ́ náà kò sì dúró, ṣé ẹ̀mí wà nínú ohun tí a yọ? Ìbéèrè yìí kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ka iṣẹ́ tí Ramaraja Ramasamy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Georgia ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013. Sípínáṣì ni wọ́n lò, ìbátan tẹ̀tẹ̀ tí à ń sè lọ́bẹ̀. Wọ́n yọ thylakoid inú rẹ̀, ìyẹn àwọn àpò pẹlẹbẹ tíntìntín tí ewé fi ń gba ìmọ́lẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ kábọ́ọ̀nù tó tín-ín-rín ju irun orí lọ fíìfíì. Ìmọ́lẹ̀ tàn sí i, iná mànàmáná jáde.

Nínú ewé, ìmọ́lẹ̀ a máa mú kí omi pínyà: ọ́síjìn tí à ń mí á jáde, ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù á sì máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí ewé yóò fi rí agbára se ṣúgà. Àwọn ará Georgia dá ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù náà lọ́nà, wọ́n darí rẹ̀ sínú wáyà.

Ọmọ oníṣègùn ni mí kí n tó di olùkọ́ báyọ́lọ́jì àti ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Bàbá mi kì í já ewé láìbá a sọ̀rọ̀. Ìjọ mi kọ́ mi pé Ọlọ́run fi ewéko fún ènìyàn jẹ, bó ṣe wà nínú Jẹ́nẹ́sísì. Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni mo ti mọ̀ pé a lè mú lára ewé, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí mímú. Ṣùgbọ́n lọ́gbà wa, ewé ti se oúnjẹ kí a tó já a. Ní Georgia, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti gba ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ewé.

Thylakoid orí kábọ́ọ̀nù kì í sì í pẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń lò náà ló ń bà á jẹ́. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní D1 ló máa ń kọ́kọ́ fara gbá. Nínú ewé tó ṣì wà lórí igi, bí oòrùn ṣe ń ba D1 jẹ́ ni ewé ń yọ ọ́ dànù, tó ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀, lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Àwa kó ẹ̀rọ, a fi mẹkáníìkì rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, n kò lè pe thylakoid yẹn ní alààyè, bó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ohun tó lè tún ara rẹ̀ ṣe ni mo gbà pé Ẹlẹ́dàá mí èémí sí.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Paolo Bombelli, Christopher Howe àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Cambridge fi wù mí jù. Wọn kò tú ẹ̀dá kankan palẹ̀. Synechocystis lódindi, ohun abẹ̀mí inú omi tí ojú lásán kò lè rí, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ bí ewé, ni wọ́n fi sínú ike tí kò ju bátìrì rédíò lọ, pẹ̀lú alumíníọ́ọ̀mù. Ní 2022 wọ́n ròyìn pé ó ti gbé kọ̀ǹpútà tíntìntín kan ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé lóṣù mẹ́fà, àní nínú òkùnkùn pàápàá, bóyá torí ẹ̀dá náà ń lo oúnjẹ tó ti sè pamọ́.

Iná rẹ̀ kéré, kò lè tan gílóòbù ilé. Síbẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dá tí ẹ ó lò wà lódindi.